Best of Earth, Wind & Fire ti 1978: ṣé àkójọ lásán ni àbí àwo gidi?

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Láti Sátidé lèmi àti àbúrò mi ti ń fà á. Mo lọ palẹ̀ àwọn àwo bàbá wa mọ́ nílé n'Íbàdàn (kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere), àwọn tí ìkán ò tíì rí páálí wọn jẹ, bí mo ṣe ń tú u wò ni The Best of Earth, Wind & Fire, Vol. 1, àwo ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà yẹn, yọ sí mi láàrin Ebenezer Obey àti Jim Reeves. Ti 1978 nì, orin mẹ́wàá, márùn-ún lójú kan, márùn-ún lójú kejì. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀bọ́ yìí lórí WhatsApp, èsì tó fún mi ni pé "àkójọ lásán nìyẹn, owó nilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi ń wá, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Earth, Wind & Fire kó lọ gbọ́ àwo tí wọ́n dìídì jókòó ṣe".

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, torí orin September. September ò sí lórí àwo ńlá kankan tẹ́lẹ̀. Oṣù kọkànlá 1978 ni wọ́n gbé e jáde, oṣù yẹn náà ni Best of yìí jáde. Ẹ bá mi rò ó o, àwọn èèyàn kó orin wọn tó lókìkí jù jọ, wọ́n wá ki orin tuntun tí etí kankan ò tíì gbọ́ bọ àárín ẹ̀, orin tuntun yẹn ló wá gba iwájú gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Lónìí tó o bá bi ọmọdé léèrè orin Earth, Wind & Fire kan, September lá á kọ fún ẹ. Ṣé àkójọ lásán nìyẹn?

Àwo tilé wa yìí ní àléébù kan sha. Ojú kejì, orin kejì, September náà ni, tí abẹ́rẹ́ bá dé ibì kan á fò padà, á tún un sọ, á tún fò padà. Tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta bàbá wa á dìde lórí àga, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn fi ìka kan ti apá rédíógíráàmù báyìí, orin á máa lọ. Bá a ṣe mọ orin náà nìyẹn. Tá a bá ń kọ ọ́ nídìí abọ́ fífọ̀, à ń kọ fífò yẹn mọ́ ọn ni, a tiẹ̀ máa ń dánu dúró díẹ̀ kí bàbá ó "tì í". Ìgbà tí mo dé yunifásítì tí mo gbọ́ ọ ní páátì tó lọ tààrà, mo rò pé DJ ló gé ibẹ̀ kúrò.

Ó yá, ẹ dá a.

ÀǹtíPeckham

Ẹ kú àkójọ, ẹ kú ekuru 😂 Èmi ò mọ Vol. 1 ò mọ Vol. 2 o, ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì lọ páátì ọmọ Yorùbá kan rí ní London níbí tí DJ ò ní fi September sí i tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn àǹtí tí wọ́n ti bọ́ bàtà sábẹ́ tébù látìgbà tí wọ́n ti jẹun tán, tí wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, ẹ jẹ́ kí gìtá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ta báyìí, orúnkún ti san nìyẹn. Gèlè á máa yí, wọn ò ní bìkítà.

Ìbéèrè kan: ṣé Boogie Wonderland wà lórí ẹ̀? Let's Groove ńkọ́?

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

@ÀǹtíPeckham rárá mà. Boogie Wonderland di 1979 kó tó jáde, Let's Groove di 1981. Wọn ò tíì bí wọn nígbà yẹn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín náà nìyẹn, ẹgbẹ́ olórin tó ṣe "èyí tó dáa jù" tán tí Boogie Wonderland àti After the Love Has Gone ṣì wà níkùn wọn.

ÀbúròNáà

Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń rò ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́yìn o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn.

Mo ní ẹ̀sùn méjì. Àkọ́kọ́, Serpentine Fire dà? Orin tó gba ipò kìíní láàrin àwọn orin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, orin tó ṣí àwo All 'n All ti 1977, kò sí níbẹ̀! Ìgbà tí Vol. II máa jáde ní 1988 ló tó rí àyè jókòó. Ọdún mẹ́wàá gbáko. Ẹ wá fi Love Music síbẹ̀, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni níbí kọ Love Music fún mi láì kọ́kọ́ lọ gbọ́ ọ.

Ẹ̀sùn kejì ló wá dùn mí jù. Ẹni tó bá mọ àwo That's the Way of the World ti 1975 á mọ̀ pé Shining Star ló ṣí i. Lópin Shining Star ẹ̀rọ á dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ohùn, àwọn ohùn yẹn á wá gbẹ, wọ́n á sún mọ́ ẹ létí bí ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nínú yàrá kékeré, gbàà, wọ́n gé e. Ìgbà yẹn ni orin tó ni orúkọ àwo á wá rọra wọlé. Bí ìgbà tí wọ́n pa iná ńlá tí wọ́n wá tan àtùpà ni. Nínú Best of wọ́n dorí ẹ̀ kodò, That's the Way ló kọ́kọ́ wá, wọ́n ki September sáàárín, Shining Star wá tẹ̀ lé e. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ẹni jẹ iyán tán kó tó wá bu omi ìfọwọ́.

BáàsìMushin

Àbúrò ò purọ́ nípa Shining Star yẹn o. Èmi báàsì gìtá ni mò ń ta, ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé (kí pásítọ̀ má rí ibí yìí), kí n wá sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀.

Àwọn èèyàn rò pé September rọrùn. Ẹ wá ta á kí n rí yín. Gìtá tí Al McKay ta níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló rí, kì í pariwo àmọ́ tó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n orin ti ṣubú. Verdine White tó ń ta báàsì, àbúrò Maurice White tó ni ẹgbẹ́, kì í dúró sójú kan, ó ń sáré kiri lábẹ́ gbogbo wọn bí ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ tébù. Fred, àbúrò Maurice mìíràn, ló jókòó sídìí ìlù. Mọ̀lẹ́bí ló kún ibẹ̀, o ò lè rẹ́ wọn jẹ.

Ìtàn ba-dee-ya tí wọ́n ń kọ nínú September yẹn ńkọ́, ẹ gbọ́ ọ rí? Allee Willis ni obìnrin tó bá Maurice kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ó ní òun dé ilé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gìtá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n ń ta bí òun ṣe ń wọlé, òun sì gbàdúrà pé kó jẹ́ pé orin tí wọ́n fẹ́ kóun bá wọn kọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, ó ń dúró kí Maurice yọ ba-dee-ya kúrò kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gidi sí i. Maurice ò yọ ọ́. Nígbà tó yá obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́, ó ń bi í pé kí ló tiẹ̀ túmọ̀ sí, Maurice ní ta ló kàn. Obìnrin náà ní ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tóun kọ́ nínú iṣẹ́ orin nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ dí ijó lọ́wọ́.

Àwa tá a ń fi "yẹ̀yẹ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀" dáhùn orin látọjọ́ aláyé ti dáyé, ta ló máa wá kọ́ wa nìyẹn.

ÀǹtíPeckham

Ta ló kàn 😂😂😂 mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù September tí wọ́n ń dárúkọ yẹn wá ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

BáàsìMushin

@ÀǹtíPeckham Allee Willis ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n dán oríṣiríṣi ọjọ́ wò lẹ́nu, kọkànlélógún yẹn ló dùn kọ jù. Ìyàwó Maurice náà ní ti ẹ̀ wí sha, ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá fóun pé òun máa bímọ ni. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì, ẹ mú un. Ní gbogbo ọdún tọ́jọ́ yẹn bá ti pé, gbogbo ayé á máa fi fídíò ijó sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ṣọdún ìbílẹ̀.

BàbáLabu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ orin ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, ẹnu ń yún mi.

Mo ti dàgbà nígbà tí orin wọ̀nyẹn jáde. Ṣòkòtò labu tó ń gbálẹ̀, bàtà gàràǹtì tó ga bí àpótí ìjókòó, irun àfúrò tí èèyàn á fi kóòmù onígi há bí ẹni gbé ewé sórí. Tí wọ́n bá ní òde wà n'Ítòlò Surulere lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, láti Tọ́sìdeè lọ̀rẹ́ mi kan ti ń lọ ṣòkòtò ẹ̀, ìlọ eléèédú nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ló jó o, ó rán pọ́kẹ́ẹ̀tì lé ibẹ̀, àwọn ọmọge wá rò pé oge tuntun ni. Lọ́sẹ̀ kejì àwọn méjì ti rán tiwọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ ò tíì dárúkọ Charles Stepney. Ẹni tó bá fẹ́ràn That's the Way of the World àti Reasons, ọwọ́ Stepney ló ń gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ Chicago, òun àti Maurice jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Chess Records látijọ́. Fáólìn àti fèrè tó ń wọ́ tẹ̀lé ohùn bí aṣọ ìyàwó yẹn, òun ló ń tò ó. Oṣù karùn-ún 1976 ló kú, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta péré, wọn ò tíì parí àwo Spirit. Getaway tó wà lójú kìíní àwo yín, inú Spirit ló ti wá. Èmi kì í lè fi Getaway jó kí n má rántí pé inú ọ̀fọ̀ ni wọ́n ti parí àwo náà, bó ṣe le tó nì.

Ìkejì, Maurice White yìí, ẹ mọ ohun èlò tó fi wọ aráyé lójú? Kalimba. Ìgbà tó ń lu ìlù fún Ramsey Lewis olórin jáàsì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lójú agbo. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, agídìgbo ni! Agídìgbo tó kéré. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ pákó, tiwa ni wọ́n ń gbé lé ẹsẹ̀ bí àpótí, tiwọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bí ìwé, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ta á. Hugh Tracey, òyìnbó kan tó ń gbé South Africa, ló ń kàn án tà lórúkọ kalimba láti àwọn ọdún 1950, mbira àwọn ará Zimbabwe ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ìgbà yẹn náà sì ni Adéolú Akínsànyà àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi agídìgbo da Èkó rú. Torí náà ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò Maurice pẹ̀lú nǹkan yẹn láyà, mo ní ta ló gbé agídìgbo fún ará Chicago?

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀ sà. "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo" 🙌 mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ó wá dùn mí pé Kalimba Story ti 1974 ò sí lórí Best of.

ÀbúròNáà

Ẹ̀gbọ́n ti ń bá mi rò ẹjọ́ mi báyìí láì mọ̀. Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn o!

Bàbá ẹ ṣeun sà. Ìtàn ṣòkòtò yẹn, mo ti kà á fún àwọn ará ọ́fíìsì.

AdájọHouston

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Texas níbí. Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ohun tí kò tó ìjà. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wá owó? Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni àwo àkọ́kọ́ tí Maurice àti ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde lábẹ́ ARC, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó dá sílẹ̀ pẹ̀lú Columbia, oṣù kọkànlá, Kérésìmesì ti ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó máa gbààwẹ̀? Ó dé ipò kẹfà lórí àtẹ Billboard, ìwé ẹ̀rí tó ní ní Amẹ́ríkà títí dòní sọ pé ó ju mílíọ̀nù 5 lọ. September fúnra ẹ̀ ò tilẹ̀ gba ipò kìíní lórí àtẹ ńlá, kẹjọ ló dé (ní UK ó dé kẹta, ẹ kú oríire àǹtí). Shining Star nìkan ló gba kìíní lórí àtẹ ńlá yẹn fún wọn, 1975.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú àwo yìí ni ọ̀rọ̀ fíìmù. Orin méjì níbẹ̀ ló so mọ́ fíìmù, fíìmù méjèèjì ló ṣubú yakata. That's the Way of the World, fíìmù ni wọ́n kọ ọ́ fún, Harvey Keitel ló ṣe aṣáájú eré náà, àwọn Earth, Wind & Fire náà wà nínú ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí bí fíìmù ṣe rí, wọ́n sáré gbé àwo jáde ṣáájú kí fíìmù má bàa fà á wọlẹ̀. Got to Get You into My Life tó ṣí Best of, orin àwọn Beatles ti 1966 ni, fíìmù Sgt. Pepper ti 1978 ni wọ́n tún un ṣe fún, ìyẹn náà, èpè làwọn èèyàn gbé ṣẹ́ ẹ. Orin Maurice gba Grammy fún títò. Ẹ wo ọkùnrin tó ń yọ nínú ọkọ̀ tó dojú dé lẹ́ẹ̀mejì tí aṣọ ẹ̀ ò tutù.

BáàsìMushin

@AdájọHouston aṣọ ẹ̀ ò tutù 😂 ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Reasons. Ọdún tó kọjá ìyàwó kan ní orin tóun àti ọkọ òun fẹ́ fi wọlé ní gbọ̀ngàn ni Reasons. Mo wo kíbọ́ọ̀dù wa, kíbọ́ọ̀dù wò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ìfẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni ọkùnrin yẹn ń sọ o, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kálukú á gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Philip Bailey tó kọ ọ́ gan-an máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ya òun lẹ́nu báwọn èèyàn ṣe ń fi í gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ohùn tínńrín tó fi ń gun òkè yẹn ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, bí ẹni pé áńgẹ́lì ń súre. A ta á. Ìyá ọkọ sunkún ayọ̀. Sàràá náà ò burú rárá, èmi ò sọ nǹkan kan fẹ́nì kan.

Ẹ kíyè sí i sha, èyí tó wà lórí Best of ni ti inú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ti 1975. Èyí tí àwọn ẹlẹ́tí ń yọ sí ni ti ojú agbo tó wà lórí àwo wọn Gratitude, tí Don Myrick ti fọn sasofóònù débi pé èrò ń pariwo mọ́ ọn. Tó o bá ti gbọ́ ìyẹn, ti inú ilé á máa dà bí ẹ̀bà àná.

BàbáLabu

Don Myrick. Ikú ọkùnrin yẹn dùn mí. Ọlọ́pàá kan ló yìnbọn pa á nílé ẹ̀ ní California lọ́dún 1993, ohun kékeré ìtanná tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ṣì pè ní ìbọn.

ÀǹtíPeckham

Ọlọ́run ò. Mi ò mọ̀.

ÀbúròNáà

Gratitude tí ẹ̀gbọ́n Mushin dárúkọ yẹn, ẹ gbọ́ o, àwo gidi ló tún dárúkọ, kì í ṣe àkójọ. Mo kàn ń ka ìbò ni.

Ọlọ́jà_Kásẹ́ẹ̀tì

Kí n da iyọ̀ tèmi sí i. Ìdí tí ọ̀rọ̀ "greatest hits" yìí ò fi jọ wá létí, àwa Yorùbá, ni pé àwo tiwa ò ṣe é já. Èmi ta kásẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún kó tó di CD, kó tó wá di fóònù tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Gbé àwo Obey tàbí Sunny Adé, gbé ti Barrister, ojú kan lódindi, orin ò dúró! Wọ́n á ti ibi oríkì bọ́ sí ìmọ̀ràn, láti ìmọ̀ràn bọ́ sọ́rọ̀ Alhaji tó náwó fún wọn, ìlù ò já. Níbo lẹ fẹ́ ti mú "hit" níbẹ̀? Ẹ fẹ́ fi sáàsì gé e? Àwa náà gbìyànjú, àwọn oníbàárà á wá ní kí n bá àwọn ṣe kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ibi dídùn nìkan ló wà níbẹ̀, mo á jókòó sídìí ẹ̀rọ méjì, tẹ ibí dá ibí dúró, tó o bá gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni tí òsúkè ń yọ lẹ́nu. Oníbàárà á ní ó dáa. Èmi mọ̀ pé kò dáa.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kọ, torí rédíò. Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni, kíkó jọ ò lè ba ìyẹn jẹ́. Tiwa ni ìṣù odindi.

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sílẹ̀! Àbúrò, ṣé o rí i? Olóòótọ́ èèyàn ti sọ̀rọ̀.

ÀbúròNáà

Mo rí i. Ó dáa fún September. Fún Shining Star àti That's the Way, ìṣù odindi nìyẹn, ẹ ti gé e sọ́tùn-ún sósì. Mi ò yíhùn padà.

BàbáLabu

Àbúrò, orí ẹ le bí orí ahun, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ. Nígbà tiwa, ta ló lówó àwo mẹ́fà? Àwo kan lèèyàn máa ra lóṣù, tó bá tiẹ̀ rà. Best of yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ Fantasy, láti Fantasy ni mo ti wá All 'n All lọ, tí mo wá gbọ́ bí Maurice ṣe lọ Brazil tó kó orin Milton Nascimento bọ̀ wá sínú ẹ̀. Ká ní mi ò rí Best of, níbo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ò sì tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú agbo. Mi ò dé ibẹ̀ o, fídíò ni mo wò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Verdine á máa ta báàsì lọ́wọ́, wọ́n á gbé e kúrò nílẹ̀, á léfòó nínú afẹ́fẹ́, kò ní dẹ́kun títa! Doug Henning onídán ló bá wọn ṣètò ẹ̀. Mo ní egúngún onídán nìyí, ohun tó kù ni kó di ọ̀nì lójú agbo.

BáàsìMushin

Tí wọ́n bá gbé mi sókè pẹ̀lú gìtá tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn wòlíì á ti débẹ̀ ṣáájú kí n tó balẹ̀ 😂

Ọlọ́jà_Kásẹ́ẹ̀tì

@ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ àwo rẹ. O ní ibì kan ló ti ń fò padà? Ṣé o ti wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ ọgbẹ́ ni, ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n àwo tí mo ti rí tó ń fò, ìlàjì wọn ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ọgbẹ́. Gbé e síwájú fèrèsé, yí i díẹ̀díẹ̀, tí ìlà náà bá wọlé ọgbẹ́ ni, tó bá yọrí sókè nǹkan kan ló lẹ̀ mọ́ ọn.

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná, mo ń lọ wò ó.

Ó YỌRÍ SÓKÈ. Nǹkan funfun rìdìrìdì kan, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Mo fi èékánná kàn án, ó dà bí… ẹ̀gbọ́n, àbẹ́là ni o. Epo àbẹ́là ló kán sórí ẹ̀!

ÀǹtíPeckham

NEPA!!! 😭😭😭

ÀbúròNáà

Mo mọ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ẹni tó gbé àbẹ́là dání. Mi ò ní dárúkọ torí ẹni náà ti di àǹtí àgbà nílé ọkọ báyìí. Iná lọ, ó ní kí á fi àbẹ́là wá páálí àwo kó má sọnù, torí bàbá á béèrè.

Ọlọ́jà_Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ má fi omi gbóná kàn án o! Rọ́bà ni àwo, á ká sókè bí etí àkàrà. Yìnyín ni kí o kó sínú ọ̀rá, gbé e lé ojú ibẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, àbẹ́là á le, á gbẹ. Fi etí káàdì ATM àtijọ́ tì í kúrò, máa tẹ̀lé ìlà àwo yí ká, má gé ìlà kọjá. Má lo ọ̀bẹ, má lo abẹ́. Tó bá kúrò tán, ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan nínú omi tó mọ́, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má jẹ́ kí omi kan pépà àárín. Fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀, má gbé e sóòrùn.

BàbáLabu

Ìwọ yìí, ogún ọdún nídìí kásẹ́ẹ̀tì ò lọ lásán.

ỌmọRẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ṣe é lálẹ́ àná, bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́. Káàdì ATM mi tó ti kú láti 2019 ló ṣe iṣẹ́ náà. Epo àbẹ́là náà bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí èépá, mo tọ́jú ẹ̀ sínú pépà, ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e lé rédíógíráàmù. Mọ́mì wà ní pálọ̀ ńbẹ̀ pẹ̀lú mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò wojú mi. That's the Way parí, September bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, mo mọ ibẹ̀, gbogbo ara mi ti ń dúró dè é.

Ó kọjá. Tààrà. Kò fò.

Ọwọ́ mọ́mì dúró lórí ẹ̀wà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àga bàbá, wọ́n wá wò mí níbi tí mo jókòó sí ní ìkángun kejì yàrá, wọ́n ní "Ta ló tì í?"

ÀbúròNáà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dá a padà sínú páálí. Mò ń bọ̀ wálé ní Sátidé.